Búútà Bàbá Mi, Tí Gbogbo Japara Ń Pè Ní Pẹ́pẹ́yẹ

Òórùn ọ̀dà ló fà á. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Japara, mo gbé ìwé ìròyìn síwájú bí ẹni tó ń kà á. Ẹ kíyè sí i pé "bí ẹni tó ń kà á" ni mo wí. Àwòrán inú rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé jáde. Ibi tí mo ti ń wo àwòrán àwọn kan tí wọ́n wọ agbádá, tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù, ni òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi kẹrosíìnì pò ti gba ẹ̀yìnkùlé wá. Ó wọ imú mi, ó wọ inú mi lọ, kò sì dúró níbì kankan àfi ibi tí mo ti jẹ́ ọmọ kékeré.

Mo dìde lọ wò ó. Rùkáyà, ọmọ ọmọ mi, ló lóṣòó síwájú kádíbọ́ọ̀dù kan. Ọ̀dà pupa ti dé ìgúnpá rẹ̀.

"Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa ni, Bàbá àgbà. Wọ́n ní kí oníkálukú ya lógò ilé wọn, ká wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá fọwọ́ ṣe nǹkan, èdè ẹ̀ máa tètè wọ̀ ọ́ lára. Kí ni lógò ilé wa?"

Bàbá àgbà tó ní làákàyè á dúpẹ́. Á ní, "Ọmọ mi ń kàwé, Alhamdulillahi." Ohun tó jáde lẹ́nu tèmi ni, "Ta ló rán an?"

"Ta ló rán ta?"

"Tíṣà yẹn. Ọmọ ta ni? Kí ló fẹ́ fi àmì ilé wa ṣe?"

Rùkáyà wò mí títí. "Bàbá àgbà, ẹ ń ṣe bí ọlọ́pàá o."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò kó ìbéèrè mi padà. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tèmi. Mo jogún ẹ̀ ni. Àwọn kan jogún oko kòkó, àwọn kan jogún ilé alájà, èmi jogún "ta ló rán an?" Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń rín mi, ẹ jókòó, kí n sọ ibi tí mo ti rí i jogún.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, gẹdú ni ọlà Japara. Ẹ ò lè mọ̀, torí igbó tí mo ń sọ yìí ti di ilé àwọn èèyàn. Wọ́n á gé igi nínú igbó, agbégilódò á gbé e, á máa mì lọ lójú ọ̀nà bí arúgbó tó pọn ọmọ tó ti tóbi jù ú lọ, títí á fi dé Makun-Omi. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti yí i sómi, wọ́n á dì í pọ̀, omi á sì gbé e lọ bá àwọn onísọ́míìlì ní Èkó. Àmọ́ kó tó lọ, igi gbogbo wa á wà létí omi níbẹ̀ pọ̀ mọ́ra, bí ẹran tí wọ́n dà sí pápá kan náà. Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ tiẹ̀?

Àmì ni. Onígẹdú kọ̀ọ̀kan ní hámà tiẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ rọ àmì sí lójú. Bí igi bá ti wó, wọ́n á fi hámà yẹn gbá a nídìí, gbàù! Àmì á wọnú igi. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ kó igi rẹ létí omi, wàá mú hámà dání lọ bá Bàbá Aṣọ́dò, ìyẹn bàbá tó ń ṣọ́ igi ní Makun-Omi. Kùkùté igi ńlá kan wà lẹ́nu ahéré ẹ̀. Wàá gbá hámà rẹ mọ́ kùkùté yẹn, bàbá á wo ojú kùkùté, á wo ojú igi. Bí méjèèjì bá jọra, ó parí. Kò ní bi ọ́ lórúkọ, kò ní bi ọ́ ní bàbá. Ẹni tó ní hámà ló nigi.

Nítorí náà, hámà bàbá mi kì í sùn síta. Abẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀ ló ń sùn. Ìyá mi máa ń sọ pé ìyàwó kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún òun pé bàbá mi ní, ìgbà tí òun wọlé lòun rí orogún òun lábẹ́ ìrọ̀rí.

Wàyí o, àmì bàbá mi, búútà ni. Búútà àlùwàlá. Ó ní nítorí pé búútà ni ohun tí òun kọ́kọ́ ń dì mú láàárọ̀ kí òun tó di ohunkóhun mú, òun sì fẹ́ kí Ọlọ́run rí i lára igi òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, kí Ọlọ́run forí jì í, ọwọ́ ẹ̀ yá ju ojú ẹ̀ lọ. Mùkù búútà, ibi tí wọ́n fi ń dì í mú, kán sínú iná. Ìdérí ẹ̀ ò wọlé rárá. Ẹnu tí omi ń gbà jáde, ó rọ ọ́ nípọn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó ṣẹ́kù ni ikùn róbótó, ọrùn, àti ẹnu pẹlẹbẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó, pẹ́pẹ́yẹ ló ń rí.

Kò pẹ́ tí gbogbo Japara fi ń pe bàbá mi ní Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá Sáfù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, tí àmì tiẹ̀ jẹ́ òòyà, ló burú jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń lọ sódò. Bàbá mi á yíjú padà: "Búútà ni! Ojú yín ló ń ṣe yín!" Àwọn yẹn á ní, "A gbọ́, Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ."

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí Mísì dé.

Mo wà ní ìwé mẹ́rin nígbà náà. Tíṣà tuntun wa ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gbé àpótí ìjókòó tiẹ̀ dání wá, bí ẹni pé wọ́n ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa fún un ní àga. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á wọ aṣọ funfun, á fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà lọ́nà Ilaporu. Yorùbá àwọn ará òkè ló ń sọ. Bá a bá ní "ulé", á ní "ilé", àwa á rẹ́rìn-ín ẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín wa, kò sẹ́ni tó gba tẹnì kejì. Japara wá bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn. Ọmọ ta ni? Ẹni tó kàwé tó báyìí, kí ló ń wá níbi tí a wà? Àti pé wọ́n ní ó ń yàwòrán. Bàbá Sáfù sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo gbọ́ ọ: "Obìnrin tó ń yàwòrán tí kì í gbowó, ó ní ohun tó ń yà á fún."

Kí Mísì tó dé, ariwo la fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà á gbé ẹfun sókè, á ní, "Dísì ísì á pẹ́ẹ̀nì." Gbogbo wa á pariwo, "Dísì ísì á pẹ́ẹ̀nì!" títí àwọn adìyẹ ìta á fi sá. Kò sí pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ tíṣà. Kò sí pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ wa. Ó dá mi lójú pé àwọn kan wà nínú wa tó gbó, tó kú, tó gbà pé pẹ́ẹ̀nì ni orúkọ ẹfun.

Mísì ò pariwo. Ó ní ká mú kókò wá látilé. Ìyá mi bi mí bóyá wọ́n fẹ́ sè é ni. Mísì gé kókò sí méjì, ó fi ọ̀bẹ fín lẹ́tà sí i lójú, ó tì í bọ inú èédú tí wọ́n lọ̀ pò mọ́ ògì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. "Dóò" ló kọ síbẹ̀. Àwa náà fín, àwa náà tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó wà ní kíláàsì wa tí kò lórúkọ lára, àfi ewúrẹ́ ẹ́dímásítà, òun náà sì jẹ́ pé ó tètè sá ni. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀.

Ó ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà mí." Ìyẹn ni pé ká má há wọn mọ́ra, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kọjá lè kà á. Èkejì ló wá di ọ̀rọ̀. Bá a bá yàwòrán tán, ká gbé e fún ẹlòmíràn. "Ẹ má sọ fún un. Ẹ bi í pé kí ló rí." Bí kò bá rí ohun tó o ní lọ́kàn, iṣẹ́ ò tíì parí.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tá a ṣe ni sáìnbọ́ọ̀dù fún ọjà àwọn ìyá wa. Gàrí ni ìyá mi ń tà. Mo ya igbá, mo ya gàrí tó kún dé òkè, mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sábẹ́ pé gàrí tó dáa wà níbí. Mo gbé e lọ sílé, mi ò sọ fún un, mo bi í pé kí ló rí. Ó fojú wò ó dáadáa. "Orí ta ni wọ́n gbé sínú abọ́ yìí?" Mo padà lọ tún un yà. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó rí gàrí. Ó gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀ ẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń nù ún lójoojúmọ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

Inú bàbá mi ò dùn.

"Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ?"

"Wọn ò gba nǹkan kan, Bàbá."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Lẹ́yìn ìyẹn ni Mísì ní kí oníkálukú lọ wo àmì iṣẹ́ bàbá ẹ̀, kó yà á, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó jẹ́. Ní Japara! Obìnrin yìí kò mọ ohun tó ń bèèrè. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ kókò náà ló ṣì ń bá lọ. Àwa náà ò ronú kàn án, ọmọdé ni wá. Gbogbo wa ló mọ àmì ilé wa, ara igi tó wà lẹ́bàá títì la ti ń rí i lójoojúmọ́.

Mo ya ti bàbá mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo gbé e sókè fún kíláàsì, mi ò sọ fún wọn. Wọ́n pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Pẹ́pẹ́yẹ!" Mísì ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Bàbá ẹ ńkọ́, kí ni wọ́n ní ó jẹ́?" Mo ní búútà. Ó ní, "Ó dáa, búútà ni. Tún un yà kí gbogbo wọn lè rí ohun tí bàbá ẹ ń rí." Mo fi mùkù sí i. Mo fi ìdérí sí i. Mo fa ẹnu ẹ̀ gùn, mo jẹ́ kó tẹ̀ kọrọdọ. Nígbà tí mo tún gbé e sókè, wọ́n ní, "Búútà." Ẹ̀yin ọmọ, mo ti gba oríṣiríṣi nǹkan láyé, mi ò tíì gba ẹ̀bùn tó dùn tó "búútà" yẹn. Mísì kó gbogbo àmì wa lẹ̀ mọ́ kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan, ó gbé e kọ́ ògiri. Lábẹ́ tèmi, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ pé àmì bàbá mi, búútà ni.

Bàbá Sáfù ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó sáré wá sílé wa, fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Wọ́n ti kó hámà gbogbo wa sára ògiri!"

Nígbà tí wọ́n fi kírun Aláàsárì tán, àwọn onígẹdú ti pé sẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹnì kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ igbó ọba ló rán obìnrin náà. Ẹnì kan ní àwọn agbowó-orí ni. Ẹnì kan ní àwọn Aládùúrà fẹ́ fi àmì wa gbàdúrà kí igi wa má rí ọjà mọ́. Bàbá Sáfù ní gbogbo ìyẹn kọ́. "Olè ni. Ẹni tó bá ti ní àwòrán ẹ, kò kù ju kó wá alágbẹ̀dẹ lọ." Wọ́n dà bo ilé-ìwé. Bàbá mi kò wọlé, ó dúró síta, ó ní òun ò ní bá olè wọ yàrá kan náà. Ẹ́dímásítà bẹ̀ wọ́n títí. Ó já kádíbọ́ọ̀dù lulẹ̀, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Mísì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó ẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èdè ni mo ń kọ́ wọn."

Bàbá Sáfù ní, "A gbọ́. Èdè olè."

Ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó yí, awakọ̀ agbégilódò kan dé láti Makun-Omi. Ó ní wọ́n ti kó igi bàbá mi. Ẹnì kan mú hámà wá, ó gbá a mọ́ kùkùté, ó bára mu, Bàbá Aṣọ́dò sì jẹ́ kó máa kó o lọ. Igi tá a fi òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan gé, ó ti wà lórí omi lọ sí Èkó.

Mi ò rí bàbá mi kó sunkún rí. Kò sì sun ún lọ́jọ́ náà. Ó kàn jókòó, ó gbé hámà lé itan bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó yá, ó ní, "Lọ́la, èmi àti ìwọ ń lọ sí Makun-Omi. Ìwọ lo mọ ohun tó o yà fún un. Bí mo bá bá ọwọ́ obìnrin yẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ tí mo bá dé ló máa kúrò ní Japara. Ilé-ìwé tìrẹ náà ti parí nìyẹn."

Bí mo ṣe gun agbégilódò fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń wù mí, ọjọ́ tó wá ṣẹ, mo gun ún bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ kọ́ọ̀tù. Mo ń ro Mísì. Mo ń ro ara mi náà, mi ò ní purọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun kan tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé ni.

Makun-Omi ń rùn ẹja yíyan àti igi tútù. Bàbá Aṣọ́dò ti dàgbà, ojú ẹ̀ kan ti funfun, àtàǹpàkò ló fi ń wo nǹkan. Bàbá mi ò kí i dáadáa.

"Báwo lo ṣe jẹ́ kí wọ́n kó igi mi?"

"Ó mú hámà wá. Mo wò ó."

"Kí lo rí?"

"Pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo mọ̀ sí ẹ, pẹ́pẹ́yẹ ni mo rí."

Ó mú wa lọ síbi kùkùté. Ojú kùkùté yẹn kún fún àmì bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà. Àtàǹpàkò ẹ̀ ń rìn lórí ẹ̀ títí ó fi dúró. "Òun rèé."

Bàbá mi tẹ̀ ba, èmi náà tẹ̀ ba. Pẹ́pẹ́yẹ ni lóòótọ́. Kì í ṣe búútà tó jọ pẹ́pẹ́yẹ o. Pẹ́pẹ́yẹ gidi. Ó ní ojú. Ó ní ìyẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí èyí tó fẹ́ wọ omi. Bàbá mi gbá hámà tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Búútà ẹ̀ tálákà yẹn wà níbẹ̀, kò lójú, kò lẹ́sẹ̀.

Ó fi ìka kan ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ olè yẹn.

"Èyí tó o yà fún obìnrin yẹn, ṣé ó lẹ́sẹ̀?"

"Búútà kì í lẹ́sẹ̀, Bàbá."

"Kí ló ní?"

"Ó ní mùkù. Ó ní ìdérí. Ẹnu ẹ̀ gùn, ó tẹ̀."

Ó wojú mi bí ẹni tó ń wá ibi tí irọ́ wà. Lẹ́yìn náà ó yá ayùn, ó rẹ́ ojú kùkùté yẹn pẹlẹbẹ pẹ̀lú àmì méjèèjì lára ẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Nígbà tá à ń padà bọ̀, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí obìnrin yẹn ń kọ́ wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ kókò. Mo sọ ọ̀rọ̀ kí lẹ́tà máa mí, ó ní ìyẹn ò yé òun. Mo sọ ọ̀rọ̀ "ẹ má sọ fún un, ẹ bi í pé kí ló rí." Ìyẹn yé e. Ó ní kí n tún un sọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo onígẹdú pé sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé-ìwé. Wọ́n ti wá wo bí Mísì ṣe máa kó ẹrù. Òun náà ti dì í, àpótí ìjókòó ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Bàbá mi ní kí ẹ́dímásítà gbé kádíbọ́ọ̀dù jáde. Ìgbà yẹn ni òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó dúró síwájú búútà mi, ó wò ó, ó tún un wò. Mo rò pé ó fẹ́ fà á ya ni.

Ó yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. "Mi ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Èyí tó wà lára ògiri obìnrin yìí, kí lẹ rí?"

Wọ́n wo ara wọn. "Búútà."

Ó tú aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Èyí tí olè fi kó igi mi ńkọ́?"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Pẹ́pẹ́yẹ ni. Ó tiẹ̀ lẹ́sẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ó lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá wo ara ògiri obìnrin yìí, búútà ló máa rọ. Ẹni tó bá wo ara igi mi dáadáa, kò ní rọ ẹsẹ̀ sí i, torí kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó rọ eléyìí, ẹnu ni wọ́n fi sọ fún un. Ẹni tó jí igi mi ti fi mí rẹ́rìn-ín rí." Ó gbé hámà tiẹ̀ sókè, ó sì yí i kí gbogbo wọn lè rí ojú ẹ̀. "Ẹ wá sọ fún mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Èyí ńkọ́? Kí lẹ rí?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti wà níbi ìsìnkú, mo ti wà níbi tí igi ti wó pa èèyàn, mi ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó tó ìyẹn. Àwọn tó ti ń pè é ní Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ó wá hàn sí oníkálukú pé ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu pe pẹ́pẹ́yẹ, òun lolè.

Bàbá Sáfù ló gbà wá. Ohùn ẹ̀ ròkè ju bó ṣe yẹ lọ. "Búútà ni, ọ̀rẹ́ mi! Ta ló sọ pé kì í ṣe búútà?"

"Búútà ni!" gbogbo wọn dáhùn. "Ta ni ò mọ̀ pé búútà ni?"

Láti ọjọ́ náà títí bàbá mi fi kú, kò sẹ́ni tó pè é ní Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ní Japara. A ò mọ olè náà títí dòní. Igi náà ò padà wá. Àmọ́ bàbá mi gba búútà ẹ̀.

Kò bẹ Mísì. Bàbá mi kì í bẹ èèyàn, ó máa ń sanwó fún un ni. Àpò gàrí kan ló ní kí ìyá mi gbé lọ fún un, kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán an. Ìyá mi padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní Mísì bi òun pé kí ló wà nínú ẹ̀, ta ló rán an, kí ló dé tí wọn ò gbowó. Ó ní Mísì ò fọwọ́ kàn án títí òun fi bu díẹ̀ sẹ́nu níwájú ẹ̀. Obìnrin náà ti di ará Japara nìyẹn.

Ó tú ẹrù ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé wọ́n wá fẹ́ràn ẹ̀ o. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó túká, oníkálukú wọn fi ọ̀bẹ gé àmì tiẹ̀ kúrò lára kádíbọ́ọ̀dù, ó ki í bọ àpò. Bàbá mi nìkan ni ò gé tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi í síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe hámà, àwòrán ni." Ni búútà mi bá dá wà lórí kádíbọ́ọ̀dù ńlá yẹn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lu jára. Ó wà lára ògiri títí ikán fi jẹ ẹ́. Mísì ò jẹ́ dán iṣẹ́ àmì wò mọ́. Nígbà tí ọdún ìwé parí, wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, ó gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ lọ, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́.

Tíṣà tó rọ́pò ẹ̀ gbé ẹfun sókè. "Dísì ísì á pẹ́ẹ̀nì." Ó ti bàjẹ́ fún mi. Mo ti mọ̀ pé kò sí pẹ́ẹ̀nì níbẹ̀. Mo fa ara mi dé ìwé mẹ́fà, lẹ́yìn náà mo gun agbégilódò, mi ò sọ̀kalẹ̀ títí irun mi fi funfun. Gẹ̀ẹ́sì mi kò ju èyí tí mo fi kókò tẹ̀ lọ: ilẹ̀kùn, fèrèsé, gàrí, búútà. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ kọjá ìyẹn, mo máa ń mi orí.

Ó ti yàtọ̀. Igi tó kù nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó báyìí, apá ọmọdé lè ká a. Àwọn ọmọ àwọn onígẹdú ń kàwé ní Yunifásítì ní Ago-Ìwòyè, wọ́n ń fi fóònù ya lógò, àwọ̀ ẹ̀ ń dán. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ káàkiri ayé, ẹ̀rù ò bà wọ́n pé ẹnì kan máa gbé e fún alágbẹ̀dẹ. Àmọ́ hámà ṣì wà. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló ń sùn. Nínú gbogbo àwọn tó dúró sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Sáfù nìkan ló kù. Ó ti gbó gan-an, ọmọ ẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí Jímọ̀. Bó bá rí mi, á dúró, á gbé ọwọ́ sókè, á ní, "Ọmọ Oníbúútà!" Mi ò sọ pé òun ni o. Mo kàn ní kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló rí.

Mo gbé hámà jáde fún Rùkáyà. Ó tì í bọ inú ọ̀dà pupa, ó gbá a mọ́ kádíbọ́ọ̀dù.

"Kí lo rí?" ni mo bi í.

"Pẹ́pẹ́yẹ."

"Tún un wò."

"Pẹ́pẹ́yẹ ni, Bàbá àgbà. Inú ẹ̀ ló kàn bàjẹ́."

Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ yìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ohun tó rí ló sọ. Mo ní kó má kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀, kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kó má sọ nǹkan kan fún tíṣà, kó kàn bi í pé kí ló rí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo sìn ín dé ilé-ìwé. Mo jókòó sẹ́nu géètì, mo ní mo ń gba atẹ́gùn. Kò pẹ́, tíṣà náà fúnra ẹ̀ jáde wá, ọ̀dọ́kùnrin rírẹwà kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kádíbọ́ọ̀dù wa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Mo rí lógò ilé yín. Búútà yìí mà dáa o!"

Mo kí i dáadáa. Mo gbàdúrà fún un. Mo sì ti ń bi ara mi láti ìgbà yẹn pé ta ló sọ fún un pé búútà ni.